Dídẹwọ́ sí Iṣẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Wa: Ohun tí Òfin Wí

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka wa sọ níwájú àpapọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa ni ó rán wa pé kí a wá sọ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ní kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wa kí àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wá lè rí i kà. Ẹ mọ̀ wá dáadáa: ọjà ni à ń tà, ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a kà. A kì í ṣe lọ́yà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ̀wé ni pé kí a ka ìwé fún ẹni tí kò rójú kà á, kí a sì bi ẹni tí ó mọ̀ léèrè. Ohun tí a kà àti ohun tí a béèrè ni a kó wá síwájú yín.

Ọ̀rọ̀ náà ni ti dídẹwọ́ sí iṣẹ́. Ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ni pé kí àwọn òṣìṣẹ́ fi ohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní kúrò níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kò ní ṣe é bí ó ti yẹ mọ́. Wọn yóò dé lásìkò, wọn yóò fọwọ́ sí ìwé, wọn yóò dúró ti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wákàtí kan yóò di iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta, títí ọ̀gá yóò fi mọ̀ ọ́n lára. Go-slow ni àwọn òyìnbó ń pè é, kí àwa tó gba orúkọ náà fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lójú títì.

Kí ni ó kan ẹgbẹ́ ọmọ ìlú nínú èyí? Ó kàn wá gidigidi. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa ni ó jẹ́ pé iṣẹ́ ni ó gbé wọn wá sí Òkè Ọya. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná Kánò ní 1912, àwọn akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ láti ilẹ̀ Yorùbá wà nínú àwọn tí ó bá a dé, àwa oníṣòwò sì tẹ̀ lé wọn. Lónìí àwọn ọmọ wa wà ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ní ilé-ìwòsàn, ní pápákọ̀ òfuurufú, ní báńkì àti ní ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí owó oṣù bá pẹ́ kí ó tó dé, tí owó ọjà sì ń gòkè lójoojúmọ́, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ yóò dùn. Àwa tí a jókòó sí ìsọ̀ mọ̀ ọ́n ju bí ẹ ti rò lọ, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ni oníbàárà wa. Bí owó oṣù kò bá dé, àwìn ni wọ́n ń rà. Bí àwìn bá pọ̀ jù, ìsọ̀ tiwa náà yóò ṣófo.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan mú ìwé kúẹ̀rì wá bá wa pé kí a bá òun wo bí òun yóò ṣe dáhùn. Nínú ìwé náà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, títí kan aago tí ó fi í ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìlà kan lọ: pé láti ọjọ́ Ajé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yára mọ́, àfi bí owó àṣekún bá dé. Ó wò wá lójú, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi? N kò kúrò níbi iṣẹ́ mi. N kò lu ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ni mo kàn sọ.” A bá a kọ èsì tí ó dára, ṣùgbọ́n èsì náà kò gbà á. Wọ́n dá a dúró. Owó àṣekún tí ó tìtorí rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n san án fún àwọn tí ó kù ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Òun ni ó ń tọ́ àbúrò méjì, òun ni ó sì ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ gbọ́ èyí, wọ́n ní ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ ohun tí òfin wí, kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀.

Ẹ má rò pé òní ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn tí ń wa èédú ní Énúgù dẹwọ́ sí iṣẹ́. Owó ni ìjà náà dá lé lórí, owó ẹ̀yìn tí wọ́n gbà pé ó tọ́ sí wọn tí a kò san. Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò èédú, ṣùgbọ́n èédú tí ó ń jáde kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn Ìgbò tí ó wà níbẹ̀ pe ọgbọ́n náà ní welu nwayo, èyí tí ó jọ ohun tí àwa ń pè ní “ẹ rọra ṣe é.” Ọ̀rọ̀ di líle, wọ́n lé àwọn kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba bẹ̀rù pé ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta lè bọ́ sí ọwọ́ tí kò yẹ, ni wọ́n bá rán ọlọ́pàá láti lọ kó o. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ní ibi tí à ń pè ní Iva Valley, àwọn ọlọ́pàá tí òyìnbó kan ṣe olórí wọn yìnbọn lu àwọn òṣìṣẹ́. Ènìyàn 21 kú, 51 sì fara gbọgbẹ́. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Sir William Fitzgerald, ṣùgbọ́n ìwádìí kì í jí òkú.

A kò sọ ìtàn yìí láti dá àwọn olóògbé lẹ́bi. Ẹ̀bi ìbọn wà lọ́rùn ẹni tí ó yìn ín. A sọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ rò pé ọ̀nà jẹ́jẹ́ ni òun gbà, agbanisíṣẹ́ àti ìjọba kì í kà á sí jẹ́jẹ́. Ní tiwọn, ìjà ni. Òfin orílẹ̀-èdè wa lónìí sì ti sọ bẹ́ẹ̀ kedere.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka òfin náà. Òfin tí ó jẹ mọ́ aáwọ̀ iṣẹ́ tí a ṣe ní 1976, Trade Disputes Act, ni ó ṣe àlàyé ohun tí à ń pè ní ìyanṣẹ́lódì. Ẹ lọ wo abala 48. Ó ní ìyanṣẹ́lódì ni kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí ó pa ohùn pọ̀ dá iṣẹ́ dúró nítorí aáwọ̀, láti fi mú kí agbanisíṣẹ́ gba ohun tí wọ́n fẹ́. Lẹ́yìn èyí ó fi kún un pé dídá iṣẹ́ dúró kan mímọ̀ọ́mọ̀ ṣiṣẹ́ ní ìyára tí ó dín sí ti àtẹ̀yìnwá, tàbí ṣíṣe é láìdára tó bí a ti ń ṣe é. Nítorí náà, lójú òfin, ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ tí ó ń fà á lọ́ra pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti ẹni tí ó jókòó sílé, ọ̀kan náà ni wọ́n. “N kò kúrò níbi iṣẹ́ mi” kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa yóò dúró lé. Bí ẹnì kan bá ń ṣe ọ̀lẹ fúnra rẹ̀, ìyanṣẹ́lódì kọ́ nìyẹn. Ọ̀lẹ ni, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì bá a wí. Ohun tí ó sọ ọ́ di ìyanṣẹ́lódì ni pé wọ́n pa ohùn pọ̀. Báwo ni adájọ́ yóò ṣe mọ̀ pé wọ́n pa ohùn pọ̀? Kò lè wo ọkàn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn àti ìwé ọwọ́ wọn ni yóò wò. Nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ọmọ wa pè ní ọ̀rọ̀ lásán, òun gan-an ni ẹ̀rí tí agbanisíṣẹ́ ń wá. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Kí ni ó wà nídìí ẹ̀ṣẹ̀ náà? Èkíní, owó oṣù. Abala 43 òfin yìí kan náà sọ pé ẹni tí ó bá bá wọn yan iṣẹ́ lódì kò ní ẹ̀tọ́ sí owó fún àkókò náà, a kò sì ní ka àkókò náà mọ́ iye ọdún tí ó ti fi ṣiṣẹ́ láìdáwọ́dúró. Ẹ rántí àwọn olùkọ́ yunifásítì tí wọ́n fi oṣù mẹ́jọ yan iṣẹ́ lódì ní 2022. Ìjọba di owó oṣù wọn mú, nígbà tí ẹjọ́ náà sì dé National Industrial Court, kóòtù náà dájọ́ ní 2023 pé ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ààrẹ tó ní kí a fún wọn ní oṣù mẹ́rin nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ńlá ni tiwọn, wọ́n sì ní lọ́yà. Síbẹ̀ ó dé bá wọn.

Èkejì, owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n. Abala 18 sọ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ yan iṣẹ́ lódì nígbà tí kò tíì tẹ̀ lé ọ̀nà ìlàjà tí òfin là sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rú u lè san náírà 100 tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹ má fi náírà 100 rẹ́rìn-ín, oṣù mẹ́fà ni kí ẹ wò. Àtúnṣe tí a ṣe sí òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní 2005 tún wá le sí i. Ó ní ìyanṣẹ́lódì kò tọ́ àfi bí aáwọ̀ náà bá jẹ́ lórí ohun tí àdéhùn iṣẹ́ ti fún òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti gba gbogbo ọ̀nà ìlàjà kọjá, tí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé sì ti dìbò pé àwọn fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rú èyí lè san náírà 10,000, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó gba méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ tí òfin ń pè ní kòṣeémánìí, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Iṣẹ́ iná mànàmáná, omi, ilé-ìwòsàn, ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù, ọkọ̀ ojú irin, pápákọ̀ òfuurufú, panápaná àti ìmọ́tótó ìlú wà lára wọn. Òfin 2005 yẹn kò fún àwọn tí ó wà níbẹ̀ láyè àtiyan iṣẹ́ lódì rárá. Òfin 1976 sì ti sọ ṣáájú pé ẹni tí ó bá dá iṣẹ́ irú ibẹ̀ dúró láìfún ọ̀gá rẹ̀ ní ìkìlọ̀ ọjọ́ 15 ti dẹ́ṣẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ sí ibùsùn aláìsàn nítorí ìjà owó, kì í ṣe ọ̀gá nìkan ni ó ń bá jà.

A mọ̀ pé ẹ̀rù lè máa ba ẹlòmíràn báyìí pé ṣé kí òṣìṣẹ́ di odi ni. Rárá o. Ohun tí òfin fún yín pọ̀, ó sì yẹ kí ẹ dì í mú. Abala 40 òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún ààbò ara rẹ̀. Abala 39 fún un ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀. Òfin iṣẹ́, Labour Act, sọ ní abala 9 pé a kò gbọdọ̀ lé òṣìṣẹ́ kúrò tàbí fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tàbí nítorí iṣẹ́ ẹgbẹ́ tí ó ṣe lẹ́yìn àkókò iṣẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ nínú àkókò iṣẹ́, kí ó gba àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá. Nítorí náà ẹ lè pàdé, ẹ lè ráhùn, ẹ lè sọ pé owó kò tó, ẹ lè sọ pé ẹ̀rọ kan léwu, ẹ lè bèèrè pé kí ẹgbẹ́ yín pe ìdìbò. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Ìyàtọ̀ wà láàárín “owó wa ti pẹ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé” àti “láti ọ̀la kí ẹnikẹ́ni má yára.” Ẹ̀tọ́ yín ni ti àkọ́kọ́. Ti èkejì ti di àṣẹ ìyanṣẹ́lódì, ẹni tí ó pa á kì í sì í ṣe ẹni tí ẹgbẹ́ fún láṣẹ.

Ó kan ọ̀rọ̀ tẹlifóònù wàyí. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ògiri létí. Nígbà tiwọn, ohun tí ògiri gbọ́ kò sí ní àkọsílẹ̀. Ẹni tí ó sọ ọ́ lè ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Lónìí ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀, orúkọ yín wà lórí rẹ̀, ọjọ́ àti aago wà nídìí rẹ̀. Ẹgbẹ́ WhatsApp tí ènìyàn 200 wà nínú rẹ̀ kì í ṣe yàrá, ọjà ni. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó bá fẹ́ ojú rere ọ̀gá ti tó láti ya àwòrán rẹ̀ kí ó sì gbé e lọ. Òfin ẹ̀rí ọdún 2011, ní abala 84, ti jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ lè gba ìwé tí a tẹ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí a bá ti ṣe ìwé ẹ̀rí tí òfin béèrè sí i.

Àwọn kan a sì máa sọ pé, “Yorùbá ni a fi kọ ọ́, ta ni yóò mọ̀?” Ẹ̀yin ará wa, èdè Yorùbá kì í ṣe ìbòrí. Ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn ọ̀gá, Yorùbá wà nínú àwọn lọ́yà, kóòtù sì ní ògbufọ̀. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó burú ju ti òfin lọ. Bí ó bá jẹ́ pé àwa nìkan ni a fi èdè wa gbìmọ̀ láti dẹwọ́, tí Haúsá àti Ìgbò tí ó wà nídìí ẹ̀rọ kan náà kò mọ̀, ìjà owó yóò di ìjà ẹ̀yà. Wọn kò ní sọ pé òṣìṣẹ́ ń bèèrè ẹ̀tọ́. Wọn yóò ní àwọn Yorùbá fẹ́ ba ilé-iṣẹ́ jẹ́. Àwa tí a ń gbé nílẹ̀ onílẹ̀ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dà. Owó tí kò dé ọwọ́ yín, kò dé ọwọ́ ọmọ Kánò tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ jọ jókòó, ẹ jọ sọ ọ́.

Bí ẹ bá rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ wo Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, òfin kò gba àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àti ti ọkọ̀ òfuurufú láyè láti dá iṣẹ́ dúró tàbí dẹwọ́ sí i kí wọ́n tó gba gbogbo ọ̀nà ìlàjà kọjá. Ní oṣù Kejì ọdún 1999, àwọn awakọ̀ òfuurufú American Airlines bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lọ́pọ̀ yanturu pé ara àwọn kò yá. Adájọ́ kan ní Dallas pàṣẹ kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí wọn kò tètè padà, ó ní kí ẹgbẹ́ wọn san ju mílíọ̀nù 45 dọ́là lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ Northwest ní òun fura pé àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú òun ti gbìmọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-ẹjọ́ gbà kí a tú kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́ kan wò. Ẹ gbọ́ mi o, kọ̀ǹpútà ilé wọn, kì í ṣe ti ibi iṣẹ́. Nígbà náà kò tíì sí WhatsApp.

Ohun kan tún kù lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ má ṣe halẹ̀ mọ́ ẹlẹgbẹ́ yín tí kò bá fẹ́ bá yín lọ. Òfin 2005 sọ pé ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀ wọ inú ìyanṣẹ́lódì. Ẹ má sì ṣe gbé irọ́ kiri, bí àpẹẹrẹ pé ọ̀gá ti kó owó sá, tàbí pé ọlọ́pàá ti pa ènìyàn, nígbà tí ẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ti ọdún 2015, tí a tún ṣe ní 2024, mú ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ ránṣẹ́ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí mílíọ̀nù náírà méje ni ó lè já sí, ó sì lè jẹ́ méjèèjì.

A mọ̀ pé ẹnì kan yóò dìde báyìí pé, “Akọ̀wé, òfin olówó ni ẹ ń kà fún wa. Bí a kò bá fi agbára hàn wọ́n, ìgbà wo ni wọ́n gbọ́ rí?” Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Òfin yìí há, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńlá sì ti ń sọ ọ́ pé ó há jù, pàápàá nígbà tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé nípa òmìnira ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láti 1960. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà á ní Àbújá, kí a sì gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n títí a ó fi yí i padà, òun ni adájọ́ yóò ṣí. Ẹ sì wo àwọn tí ó ja ìjà ńlá tí ó yọrí sí rere. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú láàárín wọn, ìjọba ìgbà náà kò fọwọ́ sí i rárá, ìyà sì jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é ní kọ̀rọ̀. Wọ́n ti kọ̀wé, wọ́n ti bèèrè, wọ́n ti fún ìjọba ní ọjọ́, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì jọ jáde. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies tí ó tìdí rẹ̀ yọ ni ó ní kí a fi ìdajì kún owó tí a ń fún wọn nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Agbára wọn kò sí nínú fífi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ó wà nínú pé wọ́n pọ̀, wọ́n sì fi ojú hàn.

Nítorí náà, èyí ni ọ̀nà tí ó tọ́. Kí òṣìṣẹ́ gbé ẹ̀dùn rẹ̀ lọ bá aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, kí aṣojú kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ bá ọ̀gá bí àdéhùn wọn ti là á. Bí kò bá yanjú, òfin ní kí ìhà méjèèjì pàdé láàárín ọjọ́ méje lábẹ́ onílàjà tí wọ́n jọ fọwọ́ sí. Bí onílàjà náà kò bá rí i yanjú láàárín ọjọ́ méje mìíràn, kí wọ́n kọ̀wé sí mínísítà ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Láti ibẹ̀ ó lè dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń parí aáwọ̀, àti National Industrial Court, èyí tí ó ní ìjókòó ní Kánò, ní Kàdúná àti ní Jos. Ọ̀nà náà gùn, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, òkò àbínújù kì í sì í pa ẹyẹ.

Àwọn ìmọ̀ràn tí ìgbìmọ̀ ní kí a kà nìwọ̀nyí. Ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibi iṣẹ́ yín, kí ẹ sì máa san owó ẹgbẹ́. Ẹni tí kò sí nínú ilé kò lè pín nínú ogún. Ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì tàbí dídẹwọ́ wá sínú ìpàdé wa yìí tàbí sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni wá. A kò fi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, a kò ní àṣẹ láti bá agbanisíṣẹ́ jà, ewu rẹ̀ yóò sì kan ìyá arúgbó tí ó wá sí ìpàdé fún ọ̀rọ̀ ìsìnkú àti ìkómọ nìkan. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ bi ara yín pé bí ọ̀gá bá kà á sókè níwájú adájọ́, ṣé ojú kò ní tì wá. Bí kúẹ̀rì bá dé, ẹ má ṣe fi ìbínú dáhùn, ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá. Ẹ mú un lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí kò yé yín. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti di ti ẹjọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohun tí ó wà nínú fóònù yín rẹ́. Lọ́yà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, nítorí pípa ẹ̀rí rẹ́ lè di ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn.

Ní ti ọmọ wa tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbìmọ̀ ti yan ènìyàn méjì láti bá a lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè wò ó bóyá ọ̀nà tí wọ́n gbà lé e bá àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ mu. Owó tí a dá fún un ní ìpàdé tí ó kọjá ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, kí ó jọ̀wọ́ rí wa lẹ́yìn ìpàdé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Bí ẹ bá ní ìbéèrè, àyè wà báyìí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnu wa pa wá, kí ó sì jẹ́ kí àtìpó wa ó já sí èrè.